Igbà Ògúnkọ̀yà

Ẹni tó so igbà kọ́ ní í fà á wò. Òwe yìí máa ń rú àwọn èèyàn ìsinsìnyí lójú, n kò sì bá wọn wí. Ṣebí ẹni tó se ọbẹ̀ ló ń kọ́kọ́ tọ́ ọ wò. Ẹni tó rán ẹ̀wù ló ń nà án sókè wò kó tó fi ránṣẹ́ sí olówó rẹ̀. Kí ló wá dé tí akọ̀pẹ tó fi ọwọ́ ara rẹ̀ so igbà, tó jẹ́ pé ẹ̀mí òun gan-an ló fẹ́ gbé gun ọ̀pẹ, kò fi ní jẹ́ ẹni tí yóò fà á wò? Ta ló tún mọ igbà ju ẹni tó so ó lọ?

Ọkọ ọmọ mi, ẹni tí ìwé ti wọ̀ lára ju ẹ̀wù lọ, bá mi jiyàn lórí rẹ̀ lọ́dún tó kọjá. Ó ní àwọn baba wa ṣì í sọ ni. Mo ní kó jókòó, mo sì sọ ìtàn Ògúnkọ̀yà fún un bí ìyá mi ṣe sọ ọ́ fún mi.

Ní abà Olókùúta, ẹyìn ni gbogbo ọkùnrin ń kọ. Igbà ni okùn líle tí akọ̀pẹ ń fi yí ara rẹ̀ àti igi ọ̀pẹ ká kó tó gòkè. Bó bá yí i ká tán, á ta á ní kókó lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìbàdí rẹ̀, kókó yẹn ló sì máa dá a dúró nígbà tó bá ń fẹ̀yìn lókè. Bí kókó bá tú, ọ̀rọ̀ parí. Nítorí náà, àṣà kan wà lọ́dọ̀ wọn. Bí akọ̀pẹ bá so igbà tán, á gbé ọwọ́ méjèèjì sókè, á kọjú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ẹlòmíràn á wá di kókó náà mú. Onítọ̀hún á fà á, á jù ú síwá sẹ́yìn, á mì í jìgìjìgì. Bó bá tẹ́ ẹ lọ́rùn, á ní, "Máa gùn." Bí kò bá tẹ́ ẹ lọ́rùn, á ní, "Tún un so." Ẹni tí wọ́n sọ ọ́ fún kì í fèsì, á kàn tún un so ni.

Ògúnkọ̀yà àti Ọdẹ́jàyí ni wọ́n jọ ń fa igbà ara wọn wò láti ìgbà tí irùngbọ̀n wọn kò tíì hù. Ọdẹ́jàyí kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀. Ògúnkọ̀yà ń sọ tirẹ̀ mọ́ ti Ọdẹ́jàyí. Ó mọ ọ̀pẹ ẹ́ gùn lóòótọ́, ṣùgbọ́n ẹnu rẹ̀ máa ń ṣáájú rẹ̀ dé òkè.

Lọ́jọ́ kan, àwọn ẹ̀gbọ́n Ìbídùnní ìyàwó rẹ̀ wá kí wọn láti ìlú. Ògúnkọ̀yà kó wọn lọ sóko kí wọ́n lè fojú ara wọn rí bí ọkọ àbúrò wọn ṣe ń ṣe é. Ó yí igbà, ó ta kókó, ó gbé ọwọ́ sókè, ó ń rẹ́rìn-ín sí àwọn àna rẹ̀. Ọdẹ́jàyí fa kókó náà.

"Tún un so."

Ó tún un so. Ọdẹ́jàyí fà á, ó mì í.

"Tún un so."

Ọ̀kan nínú àwọn àna rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín kékeré ni, ṣùgbọ́n ó ká Ògúnkọ̀yà lára. Ó já kókó náà gbà lọ́wọ́ ọ̀rẹ́ rẹ̀.

"O rí i pé àwọn àna mi wà níbí, lo ṣe fẹ́ dójú tì mí?"

"Kókó ni mo fà," ni Ọdẹ́jàyí wí. "N kò wo ẹni tó wà níbí."

"Láti òní lọ, má fọwọ́ kan igbà mi mọ́. Èmi tí mo so ó ni n ó máa fà á."

"Ó dáa." Ọdẹ́jàyí gbé igbà tirẹ̀ kọ́ èjìká, ó sì bá tirẹ̀ lọ. Bí ìjà kékeré ṣe ń pẹ́ nílẹ̀ nìyẹn: ẹnìkan á bínú, ẹnì kejì á ní ó dáa.

Lọ́dún kejì, Ìbídùnní ṣàìsàn, ó sì kú. Wọn kò bímọ. Ọdẹ́jàyí wá síbi ìsìnkú, ó dúró lẹ́yìn gbogbo èèyàn títí wọ́n fi bo sàréè tán. Ògúnkọ̀yà rí i, ó kẹ̀yìn sí i. Lẹ́yìn ìyẹn, ó kó ẹrù rẹ̀ kúrò láàárín abà, ó lọ kọ́ ahéré kan sí òdìkejì odò, níbi tí ẹnikẹ́ni kì í gbà kọjá. Ó ní ariwo àwọn èèyàn ń dí òun lọ́wọ́. Ta ló ń pariwo sí i? Àánú rẹ̀ ni wọ́n ń ṣe, òun kò sì fẹ́ àánú.

Ọdún mẹ́ta ló lò níbẹ̀. N kò ní fi ọ̀rọ̀ dídùn bò ó: ọkùnrin náà dá wà, ó sì ń dùn ún. Iṣu tó bá sè máa ń ku ìdajì, nítorí ọwọ́ rẹ̀ kò tíì gbàgbé bí wọ́n ṣe ń gé ti ẹni méjì. Bí òjò bá ṣú, á ní, "Kó aṣọ wọlé," kó tó rántí pé kò sí ẹni tí òun ń bá sọ̀rọ̀. Láàárọ̀, ohun kan ṣoṣo tó ń gbọ́ láti ọ̀dọ̀ ọmọ aráyé ni àáké Ọdẹ́jàyí lódìkejì odò, kò, kò, kò. Á dákẹ́ díẹ̀, ìdì ẹyìn á sì já lulẹ̀, gbì. Òun náà á gbé àáké tirẹ̀. Wọn kì í fojú kan ara wọn, ṣùgbọ́n kò sí ọjọ́ kan tí ọ̀kan kò gbọ́ èkejì.

Ó ń so igbà, ó sì ń fà á fúnra rẹ̀. Kò sí ohun tó ṣe é fún ọ̀pọ̀ oṣù. Àfi ọjọ́ kan tó wà ní agbedeméjì ọ̀pẹ, tí igbà yọ̀ lẹ́yìn rẹ̀ tó nǹkan bí ìka mẹ́ta, tó sì tún dúró. Ó sọ̀kalẹ̀, òógùn bò ó. Ó jókòó sídìí ọ̀pẹ náà fún ìgbà pípẹ́, ẹ̀rù ń bà á gan-an. Ẹlòmíràn ì bá gbé igbà rẹ̀ sọdá odò, kó lọ bẹ ọ̀rẹ́ rẹ̀. Ògúnkọ̀yà ní òun yóò wá kókó tí kò ní jẹ́ kí òun nílò ẹnikẹ́ni.

Bó ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í dán kókó wò nìyẹn. Ó mú okùn igbà mẹ́ta tí wọ́n gùn dọ́gba, ó fi wọ́n kọ́ ẹ̀ka igi àgbálùmọ̀ tó wà lẹ́yìn ahéré rẹ̀, ó sì so agbọ̀n mọ́ ìsàlẹ̀ ọ̀kọ̀ọ̀kan. Okùn kìíní, kókó tí àwọn obìnrin fi ń di igi ìdáná ló ta sí i: ẹ̀ẹ̀kan lọ, ẹ̀ẹ̀kan bọ̀, ó tán. Èkejì, ó ta kókó tí gbogbo Olókùúta ń lò, èyí tí Ọdẹ́jàyí mọ̀ ọ́n ta ju ẹnikẹ́ni lọ. Wọ́n á ta á tán, wọ́n á dá etí okùn padà, wọ́n á sì tì í bọ abẹ́ ara rẹ̀. Ẹ̀kẹta, tirẹ̀ ni, òun ló fi orí ara rẹ̀ rò ó: ó fi okùn yí okùn lẹ́ẹ̀mẹta, ó wá ki etí rẹ̀ bọ àárín.

Ó ṣa òkúta nínú odò, ó ń kó wọn sínú agbọ̀n lọ́kọ̀ọ̀kan, ọ̀kan síhìn-ín, ọ̀kan sọ́hùn-ún, kó má baà rẹ́ ẹnikẹ́ni jẹ. Nígbà tí òkúta pé mẹ́sàn-án, kókó àwọn obìnrin tú, agbọ̀n lulẹ̀. Nígbà tó pé ogún, kókó Ọdẹ́jàyí bẹ̀rẹ̀ sí í yọ̀, ó ń yọ̀ díẹ̀díẹ̀, títí agbọ̀n fi fìdí kanlẹ̀. Tirẹ̀ kò mì. Ó kó òkúta sí i títí agbọ̀n fi kún, kókó náà túbọ̀ ń fún ni.

Inú rẹ̀ dùn débi pé ó yíjú sí ẹnu ọ̀nà ahéré, ó ní, "Ìbídùnní, wá wò ó." Ẹnu ọ̀nà ṣófo. Ó dúró síbẹ̀ fún ìgbà díẹ̀, òkúta kan ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀. Lẹ́yìn náà ó rọra gbé òkúta náà sílẹ̀, ó sì wọlé lọ dùbúlẹ̀ lọ́sàn-án gangan.

Ó fi agbọ̀n náà sílẹ̀ lórí igi fún ọjọ́ mẹ́ta, kókó rẹ̀ kò tú. Ká sọ tòótọ́, èmi náà ì bá gbà á gbọ́. Ohun tó gbàgbé ni pé òkúta kì í gun ọ̀pẹ. Òkúta a máa dúró sójú kan. Ẹni tó wà lókè ọ̀pẹ ń fẹ̀yìn, ó ń sún mọ́ igi, ó ń ju igbà sókè, ó sì tún ń fẹ̀yìn. Bí igbà ṣe ń le ló ń dẹ̀. Bí ẹlòmíràn bá di irú kókó bẹ́ẹ̀ mú, yóò mì í, nítorí àbùkù rẹ̀ ló ń wá. Ṣùgbọ́n nígbàkúùgbà tí Ògúnkọ̀yà bá fà á, ibi tó mọ̀ pé ó le ló ń fà. Ọwọ́ tó so nǹkan kò fẹ́ kó tú.

Lọ́jọ́ kẹrin, ó gbé igbà lọ sídìí ọ̀pẹ tó ga jù létí odò, èyí tí wọ́n ti fi sílẹ̀ fún ẹyẹ tipẹ́tipẹ́. Ó ta kókó tuntun rẹ̀, ó fà á, ó sì gùn ún dé òkè. Ó gé ìdì kan, ó já lulẹ̀. Ó sún mọ́ igi kó lè ti imọ̀ ọ̀pẹ kan kúrò lójú ìdì kejì. Igbà dẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀, kókó tó ti ń ṣí díẹ̀díẹ̀ láti ìsàlẹ̀ wá sì tú pátápátá. Ẹ̀yìn rẹ̀ ló kọ́kọ́ mọ̀ pé kò sí nǹkan níbẹ̀ mọ́. Ó rọ̀ mọ́ imọ̀, ó fa ara rẹ̀ wọ àárín orí ọ̀pẹ, ó sì gbọ́ bí igbà àti àáké ṣe bọ́ sílẹ̀.

Akọ̀pẹ wá di ẹyẹ. Igi náà ga, òjò àná sì ti jẹ́ kó máa yọ̀. Bó bá ní òun yóò fi ọwọ́ lásán sọ̀kalẹ̀, òkú rẹ̀ ni yóò dé ilẹ̀. Ó kígbe pé kí wọ́n gba òun. Atẹ́gùn ń gbé ohùn rẹ̀ lọ síhà igbó, kò sì sí ẹni tó ń gba ibẹ̀ kọjá. Torí ìyẹn ló ṣe yan ibẹ̀. Ó ń gbọ́ àáké Ọdẹ́jàyí lódìkejì. Ó lè pe orúkọ rẹ̀. Títí oòrùn fi yẹ àtàrí, ó ń pe ẹ̀yin èèyàn, ó ń pe ẹ̀yin ará abà, kò pe orúkọ yẹn. Ìtìjú ni kò jẹ́. Nígbà tó di ọwọ́ ìrọ̀lẹ́, àáké náà dákẹ́. Ó rò pé Ọdẹ́jàyí ti lọ sílé, ó sì wá yé e pé òun lè kú síbẹ̀ kí ó tó ọ̀sẹ̀ kan kí ẹnikẹ́ni tó mọ̀. Ohùn rẹ̀ ti há. Ó ní, kò tilẹ̀ pariwo, "Ọdẹ́jàyí."

"Mo wà níbí," ni ohùn kan dáhùn nísàlẹ̀.

Ó wolẹ̀. Ọdẹ́jàyí dúró sídìí ọ̀pẹ, ó gbé igbà méjì kọ́rùn, omi odò ṣì ń kán lára ṣòkòtò rẹ̀.

"Ta ló pè ọ́ wá?" ni Ògúnkọ̀yà bi í láti òkè.

"Mo gbọ́ ìdì kan láàárọ̀. Mo ń retí èkejì."

Ọdẹ́jàyí yí igbà kan mọ́ igi àti ara rẹ̀, ó yára ta kókó. Lẹ́yìn náà, bí àṣà wọn, ó gbé ọwọ́ méjèèjì sókè, ó kọjú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Kò sí ẹnikẹ́ni níbẹ̀. Láti òkè ni Ògúnkọ̀yà ti ń wò ó bó ṣe dúró bẹ́ẹ̀, bí ẹni pé ẹnìkan ṣì ń bọ̀.

"Lọ pe èèyàn wá kó bá ọ fà á," ni Ògúnkọ̀yà wí.

"Kí n tó lọ kí n tó bọ̀, ilẹ̀ á ti ṣú. O kò ní lè di imọ̀ mú títí dìgbà yẹn."

"Jẹ́ kó ṣú. Má gùn ún."

Ọdẹ́jàyí sọ ọwọ́ kalẹ̀, ó fa kókó náà fúnra rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í gùn.

Ó dé òkè láìsí wàhálà. Ó na igbà kejì sí ọ̀rẹ́ rẹ̀. Ògúnkọ̀yà yí i ká, ó ta kókó. Ọdẹ́jàyí nawọ́, ó fà á, ó mì í, ó ní kó tún un so. Ó tún un so, kò fèsì. Ọdẹ́jàyí tún ní kó tún un so. Ògúnkọ̀yà tú u, ó sì ta á bí gbogbo Olókùúta ṣe ń ta á. Ọdẹ́jàyí mì í títí.

"Ó dì. Máa bọ̀."

Ògúnkọ̀yà wo kókó ọ̀rẹ́ rẹ̀. Kò jìnnà sí i. Bó bá bẹ̀rẹ̀ díẹ̀, ọwọ́ rẹ̀ yóò tó o.

"Jẹ́ kí n fa tìrẹ," ló wí.

"Tèmi ló gbé mi dé ibí. Yóò gbé mi padà."

Ó yẹ kó tẹnu mọ́ ọn. Ṣùgbọ́n ta lòun, tí yóò máa sọ fún Ọdẹ́jàyí pé kókó rẹ̀ lè má dára, lọ́jọ́ tí kókó tirẹ̀ tú? Ìtìjú tí kò jẹ́ kó tètè pe orúkọ ọ̀rẹ́ rẹ̀, òun náà ló di ọwọ́ rẹ̀ mú. Ọdẹ́jàyí ṣáájú, òun tẹ̀ lé e. Nígbà tó ku bíi gíga ọkùnrin mẹ́ta kí wọ́n délẹ̀, kókó tí Ọdẹ́jàyí fi ìkánjú ta tú. Kò kígbe. Gbì nìkan ni Ògúnkọ̀yà gbọ́.

Kò kú. Ìbàdí rẹ̀ ló ṣẹ́, kò sì fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn mọ́. Ògúnkọ̀yà pọ̀n ọ́n sọdá odò lọ́jọ́ náà, kò sì padà sí ahéré yẹn láti gbé. Láti ìgbà náà, àràárọ̀ ni àwọn ará abà ń rí i tó pọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ lọ sóko, àgbàlagbà lẹ́yìn àgbàlagbà. Wọ́n kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín, nígbà tó yá wọn kò rẹ́rìn-ín mọ́. Á gbé e jókòó sídìí ọ̀pẹ, á ta kókó, á gbé ọwọ́ sókè, Ọdẹ́jàyí á sì fà á. Ọdún márùn-ún ni wọ́n fi ṣe bẹ́ẹ̀. Bóyá Ògúnkọ̀yà bẹ̀ ẹ́, bóyá kò bẹ̀ ẹ́, ìyá mi kò mọ̀, èmi náà kò mọ̀. Ní ọdún kẹfà, ikọ́ kan mú Ọdẹ́jàyí lọ.

Ògúnkọ̀yà kò gun ọ̀pẹ mọ́. Ó ti darúgbó, orúnkún rẹ̀ ti kọ̀ ọ́. Ṣùgbọ́n kò gbé igbà rẹ̀ sílẹ̀. Ó máa ń gbé e lọ sídìí ọ̀pẹ kan lẹ́bàá ọ̀nà oko, á yí i mọ́ igi àti ara rẹ̀, á ta kókó, á gbé ọwọ́ sókè, á sì máa retí ẹni tó ń kọjá. "Ẹ dákun, ẹ bá mi fà á wò." Àwọn èèyàn máa ń yà. Wọ́n á fọwọ́ kan kókó náà, wọ́n á ní, "Ó dì, Bàbá, ó dì dáadáa," wọ́n á sì bá ọ̀nà wọn lọ. Kì í ṣe ìkà. Arúgbó tí kò gun nǹkan kan mọ́, kí ni wọ́n ó máa fa okùn rẹ̀ sí? Òun náà mọ̀ pé wọn kò fà á. Á dúpẹ́, á tú u, á sì tún máa so ó de ẹlòmíràn.

Nígbà náà ni wọ́n gbé ìyàwó tuntun kan wá sí Olókùúta, Ẹfúnyẹlà lorúkọ rẹ̀, kò sì tíì mọ ẹnikẹ́ni. Ó ń ti oko bọ̀ lọ́sàn-án ọjọ́ kan, agbọ̀n ẹ̀gẹ́ wà lórí rẹ̀, Bàbá sì ní kó bá òun fa igbà wò. Ó sọ ẹrù kalẹ̀. Kò sí ẹni tó ti sọ fún un pé ńṣe ni wọ́n kàn ń fọwọ́ kàn án. Ó fi ọwọ́ méjèèjì di kókó náà mú, ó fà á, ó jù ú síwá sẹ́yìn, ó mì í. Kókó tú, igbà sì wó sílẹ̀ lẹ́sẹ̀ Bàbá.

Ìyàwó kúnlẹ̀. "Ẹ má bínú, Bàbá. Ó tú mọ́ mi lọ́wọ́."

Nígbà tí Ẹfúnyẹlà gbójú sókè, ó rí i pé omi ń bọ́ lójú rẹ̀.

"Má bẹ̀ mí," ni Bàbá wí. "Ó ti pẹ́ tí ẹnìkan ti fà á."

"Ṣebí ẹ̀yin lẹ so ó, Bàbá. Kí ló dé tí ẹ kò fà á fúnra yín?"

Bàbá wo igbà tó wà nílẹ̀, ó wo ọ̀nà odò.

"Ọ̀rẹ́ mi kan wà," ló wí. "Ó ń bá mi fa tèmi títí ó fi kú. Lọ́jọ́ tó yẹ kí n fa tirẹ̀ jù lọ, n kò fà á. Ẹni tó so igbà kọ́ ní í fà á wò, ọmọ mi."